Ẹ Gbé Òṣùwọ̀n Kalẹ̀ Kí Ẹ Tó Dá Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Lẹ́bi

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kò jọ èyí tí ẹ ti ń kà lójú ewé yìí tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí ewé yìí kọjá kí ó ní kò kan òun, nítorí owó tí ó yẹ kí ó wọ àpò wa ni ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju báyìí lọ: ẹni tí ó bá sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ òun yá, kí ó fi òṣùwọ̀n hàn. Bí kò bá ní òṣùwọ̀n, àwáwí ni ó ń wí, àwáwí kò sì ṣeé fi ra gààrí.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wà ní ilé iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Owó ófátáìmù wọn ń fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́ kí ó tó jáde. Láyé ìjọ́sí, akọ̀wé ni ó ń ka káàdì àkókò àti tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn àjò, tí ó ń fi bírò ro wọ́n pọ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, wọ́n ní ohun gbogbo yóò yá. Ó yá lóòótọ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, owó oṣù kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú oṣù kejì. Aṣojú wa lọ béèrè, wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n fi kún un pé owó tí àwọn ń ná lórí kọ̀ǹpútà ti pọ̀ jù, nítorí náà kí a má tíì mẹ́nu ba àfikún owó oṣù.

Ẹ ò rí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti di àǹjọ̀nú tí ẹnikẹ́ni kò rí, tí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ sì ń lọ sí ọrùn rẹ̀? Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ṣe àǹjọ̀nú. Wáyà ni, ẹ̀rọ ni. Ohun tí ó ń gba inú rẹ̀ kọjá ṣeé kà bí a ti ń ka àpò sìmẹ́ǹtì.

Bí iṣẹ́ náà ti rí

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí ń ṣe, nítorí ẹni tí kò mọ bí iṣẹ́ ti rí ni ọ̀gá ń rí tàn jẹ. Nígbà tí àkọsílẹ̀ bá pọ̀ ju ohun tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lè kà tán ní àkókò tí ó bójú mu, wọn a pín in fún kọ̀ǹpútà púpọ̀ kí wọ́n jọ ṣe é, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pín ẹrù ọkọ̀ ojú omi kan fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ní èbúté Àpápá. Ní ọdún 2004, àwọn òṣìṣẹ́ Google méjì, Jeffrey Dean àti Sanjay Ghemawat, kọ ìwé lórí ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ wọn ń gbà ṣe é, wọ́n sì pè é ní MapReduce. Ní ọdún 2006, Hadoop jáde, èyí tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Doug Cutting, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe é, fi orúkọ erin ìṣeré ọmọ rẹ̀ sọ ọ́. Ní ọdún 2009, Matei Zaharia bẹ̀rẹ̀ Spark ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley. Títí di òní, irú ètò báyìí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá fi ń ṣe ìṣirò tí ó bá pọ̀.

Ìpele mẹ́ta ni iṣẹ́ náà ní. Ẹ jẹ́ kí a fi owó ófátáìmù ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé kọ̀ǹpútà 10 ni ó wà, tí àkọsílẹ̀ gáráàjì kan sì wà lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìpele kìíní, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan yóò ka èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì yọ nọ́mbà òṣìṣẹ́ àti wákàtí tí ó ṣe jáde. Ìpele kejì ni ó le. Awakọ̀ tí ó ṣiṣẹ́ ní Òṣòdì ní ọjọ́ Ajé lè ṣiṣẹ́ ní Mushin ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ní Ìkòròdú ní ọjọ́ Ẹtì. Gbogbo wákàtí rẹ̀ gbọ́dọ̀ pàdé lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo kí a tó lè rò ó pọ̀. Nítorí náà kọ̀ǹpútà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yóò máa fi dátà ránṣẹ́ sí ara wọn. Ní ìpele kẹta, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan yóò ro èyí tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ parí.

Ìpele kejì yẹn ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní shuffle. Ẹni tí ó bá ti dé gáráàjì rí ní ìdájí yóò mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wọlé pẹ̀lú ẹrù Ìbàdàn, ẹrù Ìlọrin àti ẹrù Àkúrẹ́ nínú. Wọ́n gbọ́dọ̀ já gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n ṣà á, kí ẹrù Ìbàdàn lọ sínú ọkọ̀ Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ariwo ti pọ̀ jù. Ibẹ̀ náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣiṣẹ́ jù, ibẹ̀ sì ni àwáwí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹrù tí ó wà nílẹ̀ kọ́ ni ẹrù tí ó rìn

Àwọn ọ̀gá fẹ́ràn láti máa sọ pé dátà àwọn pọ̀. Ó lè pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iye dátà tí ó wà nílẹ̀ kọ́ ni iye tí ó ń ti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí òmíràn. Ìwé ọdún 2004 yẹn fi èyí hàn kedere. Wọ́n lo kọ̀ǹpútà bíi 1,800. Wọ́n gbé àkọsílẹ̀ bílíọ̀nù 10 fún wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 100, àpapọ̀ rẹ̀ bíi térábáìtì 1. Iṣẹ́ kìíní ni pé kí wọ́n wá àmì kan tí ó ṣọ̀wọ́n nínú gbogbo rẹ̀. Inú àkọsílẹ̀ 92,337 péré ni àmì náà wà, kìkì ohun tí wọ́n rí yìí ni ó sì ní láti rìn. Iṣẹ́ náà parí ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 150. Iṣẹ́ kejì ni pé kí wọ́n to àkọsílẹ̀ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Níhìn-ín, gbogbo ẹrù ni ó gbọ́dọ̀ rìn. Ìṣẹ́jú àáyá 891 ni ó gbà.

Iye ẹrù kan náà ni ó wà nílẹ̀ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n èyí tí ó rìn kò jọra rárá. Nítorí náà, bí a bá béèrè ìdí tí owó wa fi pẹ́, tí ẹnì kan dáhùn pé “dátà wa pọ̀”, kò tíì dáhùn. Ohun tí a ń béèrè ni pé: èló ni ó rìn?

Ibi tí a ti ń kà á

Wọ́n lè sọ pé ta ni yóò máa dúró sẹ́nu wáyà kí ó máa kà á? Kò sí ẹni tí ó ní láti dúró. Àwọn ètò wọ̀nyí ń kà á fúnra wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, bí kọ̀ńdọ́kítọ̀ ti ń gé tíkẹ́ẹ̀tì. Hadoop ń kọ iye báìtì tí ìpele kìíní tú jáde, ó sì ń kọ iye tí ìpele kẹta gbà, èyí tí ó pè ní Reduce shuffle bytes. Spark tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń kọ iye tí kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀ de àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti iye tí ó kà. Nínú èyí tí ó kà, ó ń ya ohun tí ó ti wà lórí kọ̀ǹpútà náà tẹ́lẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó gba wáyà wá láti ibòmíràn. Lékè gbogbo rẹ̀, ó ń kọ iye àkókò tí iṣẹ́ fi dúró láìṣe nǹkan kan nítorí pé dátà tí ó ń retí kò tíì dé. Ẹ fi èyí tí a sọ gbẹ̀yìn yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ibòmíràn tún wà. Kọ̀ǹpútà tí ó bá ń lo Linux máa ń ka gbogbo báìtì tí ó gba ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ wọlé àti èyí tí ó gba ibẹ̀ jáde. Inú fáìlì tí ń jẹ́ /proc/net/dev ni wọ́n ti ń rí i. Iye tí ó wà níbẹ̀ àti iye tí Spark tàbí Hadoop kọ kì í sábà dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ìyẹn rú wa lójú. Ẹnu ọ̀nà ń ka ohun gbogbo tí ó bá kọjá: iṣẹ́ tiwa, iṣẹ́ ẹlòmíràn, èyí tí wọ́n tún rán nítorí pé ti àkọ́kọ́ sọnù lọ́nà, àti ẹ̀dà fáìlì. Nínú ilé ìpamọ́ Hadoop, bí a kò bá pàṣẹ ohun mìíràn, ẹ̀dà mẹ́ta ni ó máa ń ṣe, kí ọ̀kan má baà bàjẹ́ kí gbogbo iṣẹ́ ṣègbé. Àwọn ẹ̀dà wọ̀nyẹn náà ń gba wáyà kọjá. Bákan náà, wọ́n lè fún dátà pọ̀ kí ó tó rìn, bí a ti ń di òwú pọ̀ kí a tó gbé e sọ́kọ̀. Ẹni tí ó bá wo bí òwú ti ga tó kí a tó dì í kò tíì mọ ààyè tí yóò gbà nínú ọkọ̀.

Ohun tí a ń sọ ni pé òṣùwọ̀n wà. Kò sí owó tí wọn yóò san lé e lórí. Ọ̀gá tí ó ní òun kò ní i, kò wá a ni. Kò sì sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú iye báìtì, nítorí náà kí wọ́n má sọ fún wa pé àṣírí ilé iṣẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò

Ká ní ilé iṣẹ́ kan ní òṣìṣẹ́ 5,000. Ká ní àkọsílẹ̀ 10 ni wọ́n ń kọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ 30. Ká sì ní àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó báìtì 1,000. Àkọsílẹ̀ 1,500,000 ni, ìyẹn báìtì 1,500,000,000. Irú wáyà tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ìwé ọdún 2004 yẹn ní, èyí tí wọ́n ń pè ní gígábíìtì 1, lè gbé báìtì 125,000,000 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí gbogbo dátà náà bá tilẹ̀ gba ojú wáyà kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú àáyá 12 ni yóò lò. Ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po 100, kí wọ́n má baà sọ pé a rẹ́ wọn jẹ. Yóò di ìṣẹ́jú 20. Kò tó àkókò tí a fi ń jẹun ọ̀sán.

Nígbà náà, báwo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe wá jẹ ọ̀sẹ̀ méjì? Bí ohun mìíràn bá wà nídìí rẹ̀, bí ó jẹ́ pé fáìlì dùbúlẹ̀ sórí tábìlì ọ̀gá kan tí kò tíì buwọ́ lù ú, kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Tábìlì kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ìrìn yàtọ̀ sí ìdúró

Wàyí o, a padà sí ohun tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ní ọdún 2011, Mosharaf Chowdhury àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley tẹ ìwé kan jáde. Wọ́n wo àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ Facebook, wọ́n sì rí i pé, nínú àwọn iṣẹ́ tí ó ní ìpele kẹta, bí a bá pín in dọ́gba, kíkó dátà láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn ń gba ìdá 33 nínú 100 àkókò iṣẹ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ọ̀tá.

Ní ọdún 2015, Kay Ousterhout àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìbéèrè náà gba ọ̀nà mìíràn. Wọn kò béèrè pé wákàtí mélòó ni ẹrù fi wà lójú ọ̀nà. Wọ́n béèrè pé ìgbà mélòó ni iṣẹ́ dúró pátápátá, tí kò sí ohun mìíràn tí ó lè ṣe, nítorí pé ẹrù kò tíì dé. Wọ́n to àwọn iṣẹ́ Spark tí wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n wo èyí tí ó wà láàárín gbùngbùn. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá tilẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀ tí kò gba àkókò rárá, iṣẹ́ náà kò lè fi ju ìdá 2 nínú 100 yá sí i. Bí ó bá jẹ́ dísìkì ni kò gba àkókò, kò lè ju ìdá 19 lọ. Níbi púpọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn.

Ìdá 33 níbí, ìdá 2 lọ́hùn-ún. Kí ni ó fà á? Iṣẹ́ tí wọ́n wò yàtọ̀, kọ̀ǹpútà náà yàtọ̀, a kò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n wọ̀n pàápàá yàtọ̀. Bí mẹkáníìkì bá rán ọmọọṣẹ́ rẹ̀ lọ ra páàtì ní Ládípọ̀, tí ọmọ náà lo wákàtí méjì, ṣé wákàtí méjì ni mẹkáníìkì fi ṣòfò? Bí ó bá ń tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mìíràn ní gbogbo àkókò yẹn, kò ṣòfò rárá. Bí ó bá tú u tán, tí ó wá káwọ́ gbera fún ogún ìṣẹ́jú kí páàtì tó dé, ogún ìṣẹ́jú ni ó ṣòfò. Wákàtí méjì ni ìrìn. Ogún ìṣẹ́jú ni ìdúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà: nígbà tí apá kan dátà ṣì wà lójú ọ̀nà, ó ń ṣiṣẹ́ lórí apá tí ó ti dé.

Ta ni ó yẹ kí ó mọ ìyàtọ̀ yìí ju àwa lọ? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi aago lé wa lẹ́yìn. Bí ẹ̀rọ bá dúró nítorí pé ọjà tí a ó fi ṣiṣẹ́ kò tíì ti sítọ́ọ̀ dé, wọ́n á kọ ìdúró náà sí wa lọ́rùn. Bí ọkọ̀ bá há sínú gósílóò, wọ́n á ní awakọ̀ lọ́ra. Wọ́n mọ bí a ti ń ka ìṣẹ́jú nígbà tí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú tiwa. Ìgbà tí ó bá kan kọ̀ǹpútà tiwọn ni wọn kò mọ̀ ọ́n kà mọ́. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n wá ni a fẹ́ kí wọ́n fi wọn ara wọn.

Ìpíndọ́gba máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀

Bí wọ́n bá wá gbé òṣùwọ̀n dé, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ìpíndọ́gba tàn yín. Nínú kọ̀ǹpútà 10, mẹ́sàn-án lè ti parí tipẹ́, kí ọ̀kan ṣoṣo máa làágùn. Iṣẹ́ kò parí títí ẹni tí ó kẹ́yìn yóò fi parí, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ kò ti lè kúrò ní gáráàjì bí ẹrù kan bá ṣì kù nílẹ̀. Ìpíndọ́gba yóò dára lójú, owó wa yóò sì máa pẹ́.

Ohun kan tí ó máa ń fa irú èyí nìyí: àkọsílẹ̀ tí kò ní nọ́mbà òṣìṣẹ́ lórí. Kọ̀ǹpútà rí gbogbo wọn bí ẹni pé ti ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n, ó sì kó gbogbo wọn lọ sórí kọ̀ǹpútà kan náà. Ẹni tí ó kọ̀wé láìkọ nọ́mbà ni ó jẹ̀bi, wáyà kọ́. Ojú ewé ìròyìn Spark ń fi iye tí ó kéré jù, èyí tí ó wà láàárín àti èyí tí ó pọ̀ jù hàn fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kí wọ́n fi èyí tí ó pọ̀ jù hàn yín, kí ẹ sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó wà láàárín. Bí ìyàtọ̀ wọn bá pọ̀ gan-an, ẹ ti rí ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀.

A kò sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í bàjẹ́

Àwọn kan yóò ní a ń ṣe bí ẹni pé kò sí ìṣòro nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní orílẹ̀-èdè yìí. A kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ ní itòsí etíkun Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó sì kan ilé ìfowópamọ́ ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Gbogbo wa ni a rí i. Ṣùgbọ́n wáyà abẹ́ òkun kọ́ ni wáyà tí ó so kọ̀ǹpútà mọ́ kọ̀ǹpútà nínú yàrá kan. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lè dí pa, kí àgbàlá gáráàjì ṣì gbà wá láti já ẹrù. Ẹni tí ó bá pe méjèèjì ní “nẹ́tíwọ́ọ̀kì” lẹ́ẹ̀kan náà, ó fẹ́ da omi rú ni.

A sì gbà pé wáyà inú yàrá náà lè kún. Ní ọdún 2014, àwọn oníṣẹ́ Spark to térábáìtì 100 lẹ́sẹẹsẹ lórí kọ̀ǹpútà 206 láàárín ìṣẹ́jú 23. Wọ́n sọ pé ní ìpele ìkẹyìn, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ń gbé gígábáìtì 1.1 gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àti pé wáyà gígábíìtì 10 tí wọ́n lò kún dé ẹnu. Ẹ wo bí olóòótọ́ ti ń sọ̀rọ̀! Wọ́n sọ iye tí ó kọjá, wọ́n sọ bí wáyà ti fẹ̀ tó, wọ́n sì sọ ìpele tí ó ti kún. Ẹni tí ó bá bá wa sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, a ó gbà á gbọ́, a ó sì bá a ní sùúrù.

Owó tí wọ́n ní àwọn ń ná

Ní ti owó kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní ó pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò ra kọ̀ǹpútà mọ́, wọ́n ń háyà rẹ̀. Àwọn tí ń fi í háyà, bí Amazon, ń gba owó lórí dátà tí ó bá ti ibùdó kan kọjá sí ibùdó mìíràn, bí ibùdó méjèèjì tilẹ̀ wà ní agbègbè kan náà. Nítorí náà, ẹni tí kò bá ka ìrìn dátà rẹ̀, owó ni ó ń dà sílẹ̀ láìmọ̀.

Ọ̀nà àtidín in kù kò sì ṣòro. Ó ti wà nínú ìwé ọdún 2004 yẹn. Kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ ro èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́. Bí awakọ̀ kan bá ṣe ìrìn àjò 26 ní gáráàjì kan lóṣù, kí ni a ń kó ìwé 26 kọjá fún? Ẹ rò ó pọ̀ sí gáráàjì náà, kí ẹ fi iye kan ránṣẹ́. Aṣọ́bodè tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìlọ sí Yunifásítì. Kí wọ́n ṣe èyí ná, kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó ṣe é àti lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é, kí wọ́n tó wá sọ fún wa pé kọ̀ǹpútà ti jẹ àfikún owó oṣù wa.

Ohun tí a ń béèrè

Ẹgbẹ́ yìí kò lòdì sí kọ̀ǹpútà. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni padà sídìí bírò àti káàdì. Ohun tí a ń béèrè kò ju márùn-ún lọ.

Èkíní, nígbàkígbà tí owó bá pẹ́ tí wọ́n sì dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́bi, kí wọ́n fi iye báìtì tí ó ti orí kọ̀ǹpútà kan lọ sórí òmíràn nínú iṣẹ́ náà han aṣojú wa.

Èkejì, kí wọ́n ya àkókò ìrìn sọ́tọ̀ kúrò lára àkókò ìdúró. A kò gba ìrìn ní ìdúró.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n fi ti kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan hàn. Ìpíndọ́gba nìkan kò tó.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n kọ́ méjì nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó wà ní ọ́fíìsì bí a ti ń ka ojú ewé ìròyìn wọ̀nyí. Kì í ṣe iṣẹ́ awo. Ẹni tí ó lè ka wébíìlì lè kà á.

Ẹ̀karùn-ún ni ó wúwo jù: bí ìṣirò kò bá tíì parí nígbà tí ọjọ́ owó pé, kí wọ́n san owó ófátáìmù gẹ́gẹ́ bí iye oṣù tí ó kọjá, kí wọ́n sì ṣe àtúnṣe rẹ̀ nígbà tí ìṣirò bá jáde. Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà, abala 15, sọ pé owó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ di sísan ní ìparí àkókò tí a fi ṣe àdéhùn, àti pé bí àkókò náà bá ju oṣù kan lọ, àlàfo tí ó wà láàárín sísan owó kò gbọdọ̀ ju oṣù kan lọ. Abala náà kò sọ pé “àyàfi bí kọ̀ǹpútà bá lọ́ra”. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ ni ó ni ìdúró ẹ̀rọ. Kò yẹ kí ọmọ òṣìṣẹ́ padà wálé láti ilé ìwé nítorí owó tí a kò san, kí a wá ní wáyà ni ó fà á.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òyìnbó ńláńlá bà yín lẹ́rù nígbà tí ẹ bá dé iwájú ọ̀gá. Shuffle kò ju kí a ṣa ẹrù lọ. Báìtì kò ju ohun tí a ń kà lọ. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí ẹ há sórí: Èló ni ó rìn? Báwo ni ó ti pẹ́ tó tí iṣẹ́ fi dúró dè é? Kọ̀ǹpútà wo ni ó kẹ́yìn? Ẹ béèrè wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ béèrè wọn papọ̀, ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi dáhùn. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé ẹ̀ka wa tí ó ń bọ̀, kí a lè dìbò lé ìbéèrè márààrún lórí, kí a sì kọ wọ́n ránṣẹ́ ní orúkọ gbogbo wa.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!